Wíwá Àṣìṣe Ètò-Àṣẹ Lórí Ẹ̀rọ Mílíìnì CNC Tuntun: Àkíyèsí Láti Ilé-Iṣẹ́ Kan ní Múṣín

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò bá irin ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba owó àti àkókò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gé irin ní agbègbè Múṣín, Yábàá àti Sùúrùlérè. Ohun náà ni ọ̀nà tí a lè gbà wá àṣìṣe nínú ètò-àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ mílíìnì tí kọ̀ǹpútà ń darí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní CNC. Pàápàá jù lọ nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn tí yóò máa lò ó kò tíì mọ ìwà rẹ̀.

Àwọn tọ́nà Múṣín kì í ṣe òpè. Ní ìdí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ mílíìnì afọwọ́yí ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pá àti jíà tí a wá títí ní ọjà Ládipọ̀ tí a kò rí, tí wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. Etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bí kọ́tà bá ń jẹ irin dáadáa tàbí bí kò bá jẹ ẹ́. Ìṣòro tí ẹ̀rọ tuntun yìí mú wá ni pé ọwọ́ kò sí lára irin mọ́. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì ni a máa ń dá lẹ́bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó kọ ètò-àṣẹ.

Èmi tí mo kọ bébà yìí kọ́ iṣẹ́ tọ́nà kí n tó wọ yunifásítì, mo sì lo oṣù mélòó kan ní ilé-iṣẹ́ kan ní Múṣín nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ CNC wọn àkọ́kọ́. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ọwọ́ mi kò sì mọ́ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Èrò tí bébà yìí dúró lé ni pé ibi tí ẹ̀rọ dúró sí kọ́ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe. Ohun tí a ti sọ fún un ṣáájú, àti èyí tí ó ṣì rántí nínú ohun tí a sọ, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

2. Irú èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́

Kì í ṣe òní ni a ti ń fi nọ́ńbà darí ẹ̀rọ. John T. Parsons, ará Amẹ́ríkà kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà, ni ó ronú kan ọ̀nà yìí ní apá ìparí àwọn ọdún 1940. Àwọn onímọ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà kan náà, ni wọ́n sì fi ẹ̀rọ mílíìnì tí nọ́ńbà ń darí han gbogbo ènìyàn ní oṣù September 1952. Orí bébà tí a lu ní ihò ni wọ́n ń kọ àṣẹ sí nígbà náà. Lónìí fláàṣì ti gba ipò bébà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà kọ àṣẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìlànà kan tí a mọ̀ sí ISO 6983, tí ó jáde ní 1982, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀ lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀.

Àkójọ ìlà ni ètò-àṣẹ. Àkójọ ọ̀rọ̀ ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan ni ó sì ń para pọ̀ di ọ̀rọ̀. Àwọn tí ó dá ìlànà náà sílẹ̀ gan-an ni wọ́n pè é ní ọ̀rọ̀. Kì í ṣe àfiwé tèmi. Ẹ wo ìlà yìí:

G01 X40. Y15. F150

G01 ní kí kọ́tà rìn lórí ìlà títọ́ bí ó ti ń gé irin, X40. àti Y15. sọ ibi tí yóò dé. F150 sọ bí yóò ti yára tó, ìyẹn ni mìlímítà 150 ní ìṣẹ́jú kan. Bí G00 bá wà ní ipò G01, kọ́tà yóò fi gbogbo agbára ẹ̀rọ sáré lọ síbẹ̀, yálà irin wà lọ́nà tàbí kò sí. G02 àti G03 ni ti ìrìn yípo, ọ̀kan bí ọwọ́ aago ti ń lọ, èkejì ní òdìkejì rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ wa ni pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kú bí ìlà wọn bá parí. Bí a bá ti kọ G01 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlà tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ G01 títí ọ̀rọ̀ mìíràn yóò fi lé e kúrò. Bákan náà ni G21, tí ó ní kí ẹ̀rọ ka nọ́ńbà sí mìlímítà, àti G20, tí ó ní kí ó kà á sí íǹṣì. Bákan náà ni G90, tí ó ní kí a ka ipò láti ojú-ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti G91, tí ó ní kí a kà á láti ibi tí kọ́tà wà báyìí. A ó máa pe irú wọn ní ọ̀rọ̀ adúró nínú bébà yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìpàdé yìí mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ èdè Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i. Ó lè kọ igba, kí a má mọ̀ bóyá iye ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà, tàbí igbà tí ọlọ́pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Síbẹ̀ a máa ń yé ara wa, nítorí pé gbólóhùn náà ń ràn wá lọ́wọ́: kò sí ẹni tí ó ń fi iye gun ọ̀pẹ. Ẹ̀rọ kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Kò lè wo irin tí a dè mọ́ fáìsì kí ó sọ pé ohun tí a kọ yìí kò lè jẹ́ ohun tí a ní lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo tí ó ní yàtọ̀ sí ìlà tí ó ń kà ni àwọn ọ̀rọ̀ adúró tí ó wà ní ìrántí rẹ̀.

3. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ké

Ọpọlọ tí ilé-iṣẹ́ Fanuc ti ilẹ̀ Japan ṣe ni ẹ̀rọ wa ń lò. Bí nǹkan bá rú u lójú, yóò dúró, yóò sì kọ nọ́ńbà ìkìlọ̀ sójú rẹ̀. Mélòó kan nínú wọn wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. 010 túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ G kan wà tí ẹ̀rọ kò mọ̀. Ó sábà máa ń yọ nígbà tí a bá gbé ètò-àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ mìíràn wá. 011 túmọ̀ sí pé a ní kí kọ́tà máa gé irin, a kò sì sọ bí yóò ti yára tó. Àwọn wọ̀nyí kò le. Ẹni tí ó bá lè ka ìlà yóò rí wọn.

Ìkìlọ̀ 020 ni ó kọ́kọ́ dá wa dúró fún odidi ọjọ́ kan. Ohun tí ó ń wí ni pé ìrìn yípo tí a pa láṣẹ kò lè jẹ́ ìrìn yípo. Ká ní kọ́tà wà ní X10. Y0, tí a sì fẹ́ kí ó yípo lọ sí X0 Y10., kí àárín òbìrípo náà jẹ́ X0 Y0. Lórí ẹ̀rọ wa, lẹ́tà I àti J ni a fi ń sọ ibi tí àárín wà, a sì ń kà wọ́n láti ibi tí kọ́tà ti gbéra. Nítorí náà I-10. J0 ni ó tọ́. Láti àárín dé ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, láti àárín dé òpin jẹ́ mìlímítà 10, ọ̀rọ̀ sì bára mu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ètò-àṣẹ wa ni I0 J0. Ẹni tí ó kọ ọ́ ka àárín láti ojú-ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ kà á láti ibi tí kọ́tà wà. Lójú ẹ̀rọ, orí àárín gan-an ni kọ́tà dúró sí, kò sì sí bí a ti lè yí ohun kan po nígbà tí a dúró lé e lórí.

Ta ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ènìyàn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni a fi ya iṣẹ́ náà, inú rẹ̀ sì ni ògbufọ̀ kan wà tí ń sọ àwòrán di èdè ẹ̀rọ. Oríṣiríṣi ògbufọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Èyí tí a yàn kì í ṣe ti ẹ̀rọ wa. Bí a bá tún ìlà kan ṣe, ọgọ́rùn-ún mìíràn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ní àrùn kan náà. A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ tún gbogbo wọn ṣe kí ẹnì kan tó bèèrè ibi tí ètò-àṣẹ náà ti wá. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé bí irú àṣìṣe kan bá tún ara rẹ̀ sọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kí a fi ìlà sílẹ̀, kí a lọ bá ẹni tí ó kọ ọ́.

Ìkìlọ̀ 034 àti 041 jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ G41 àti G42, tí ó ní kí ẹ̀rọ fa kọ́tà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìdajì ìbú rẹ̀, kí etí kọ́tà lè wà lórí ìlà àwòrán dípò àárín rẹ̀. Bí a bá pa àṣẹ yìí lórí ìlà tí ó jẹ́ ìrìn yípo, 034 yóò yọ; orí ìlà títọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí kọ́ńà inú iṣẹ́ bá sì há ju ohun tí kọ́tà lè wọ̀ lọ, 041 yóò yọ, nítorí kọ́tà yóò gé ohun tí kò yẹ kí ó gé.

Níbi yìí ni àwọn ọmọ-iṣẹ́ ti máa ń ṣìnà. Ẹ̀rọ kì í ka ìlà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ó máa ń ka ìlà mélòó kan sílẹ̀ ní iwájú, pàápàá nígbà tí G41 bá ń ṣiṣẹ́, torí pé kò lè mọ ibi tí yóò fa kọ́tà sí àfi bí ó bá mọ ibi tí ìlà tí ó kàn ń lọ. Nítorí náà, nígbà tí 041 bá yọ, kọ́tà lè ṣì wà lórí ìlà kan, kí àṣìṣe wà lórí ìlà kejì tàbí ìkẹta níwájú rẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ kan jókòó ti ìlà tí ojú ẹ̀rọ ń fi hàn fún wákàtí kan; ìlà náà kò ní àléébù kankan.

4. Nígbà tí ẹ̀rọ kò bá ké

Àṣìṣe tí ẹ̀rọ kò sọ ni ó léwu jù. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ̀rọ dé, ọmọ-iṣẹ́ kan fi ọwọ́ tẹ G01 Z-5 F150 sínú ẹ̀rọ. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí kọ́tà wọ inú irin ní mìlímítà 5. Kọ́tà sọ̀ kalẹ̀, ó rọra fi ara kan irin, ó sì dúró. Wọ́n pààrọ̀ kọ́tà, wọ́n ní kò mú. Wọ́n tú fáìsì, wọ́n tún un dè. Ọ̀gá ní àbí àlòkù ni wọ́n tà fún òun. Póìǹtì ni ó sọnù. Lórí ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lórí ọ̀pọ̀ Fanuc bí a kò bá yí ètò inú rẹ̀ padà, Z-5. jẹ́ mìlímítà 5, ṣùgbọ́n Z-5 tí kò ní póìǹtì jẹ́ 0.005 mìlímítà, èyí tí kò tó ìnípọn irun orí. Ohun tí ó sì mú kí ó ṣòro láti rí ni pé F150 tí ó wà lórí ìlà kan náà kò ní póìǹtì, kò sì nílò rẹ̀. Ojú tí ó bá ti rí ọ̀kan tí ó tọ́ kì í fura sí èkejì.

Èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Àwọn àgbà tọ́nà ní ilé-iṣẹ́ náà ń fi íǹṣì ronú, nítorí pé ìdí àwọn ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, wọ́n gba iṣẹ́ kan tí yóò bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ mu, íǹṣì sì ni gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n kọ G20 sínú ètò-àṣẹ rẹ̀, iṣẹ́ náà dára, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n lọ sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ètò-àṣẹ tí èmi fúnra mi kọ ránṣẹ́ sí ìdí ẹ̀rọ, fún pátákó irin kan tí ó nípọn ní mìlímítà 20. Báyìí ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí:

G90 G54 G00 X0 Y0
S800 M03
G43 H01 Z2.
G01 Z-1.5 F120.

Ẹni tí ó bá kà á yóò ní kò sí àléébù níbẹ̀. Kọ́tà yóò lọ sí àárín pátákó, orí ẹ̀rọ yóò máa yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́tà yóò sọ̀ kalẹ̀ dé mìlímítà 2 sí ojú irin, yóò sì rọra wọlé ní mìlímítà kan àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í gbàgbé G20 tàbí G21 bí a bá pa á. Èyí tí a lò kẹ́yìn ni ó ń jí pẹ̀lú rẹ̀. Íǹṣì ni ó fi ka gbogbo ohun tí mo kọ. X0 Y0 kò yàtọ̀, torí òdo ni òdo ń jẹ́ nínú ìwọ̀nkíwọ̀n. Z2. di mìlímítà 50.8. Z-1.5 di mìlímítà 38.1 sísàlẹ̀, nínú irin tí kò nípọn ju 20 lọ. F120. di mìlímítà 3,048 ní ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ-iṣẹ́ tí ó wà nídìí ẹ̀rọ rí i pé kọ́tà dúró sókè gan-an kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, “Mo rò pé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, bọ̀dá.” Kí ó tó gbé ọwọ́ dé bọ́tìnì pupa, kọ́tà ti ṣẹ́, orí ẹ̀rọ sì ti ti ìyókù rẹ̀ mọ́ irin títí ẹ̀rọ fi dá ara rẹ̀ dúró.

Ọ̀gá jáde wá. “Ta ló tẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni, sà. Ẹ má bínú, sà.”

Kọ́tà náà wá láti òkè òkun. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí náírà 470 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù June 2023 ti kọjá náírà 1,500 ní February 2024, gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ń ra irinṣẹ́ sì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀gá ní a ó máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta.

Mo mú ètò-àṣẹ mi, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí nǹkan kan. Kò lè ṣe kí n rí nǹkan kan, nítorí pé ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àṣìṣe. Ìgbà tí mo ṣí ojú-ìwé tí ẹ̀rọ ti ń fi àwọn ọ̀rọ̀ adúró tí ó wà ní ìrántí rẹ̀ hàn ni mo rí G20. Mo wò ó, mo tún un wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá, mo ní èmi ni mi ò kọ G21. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ lánàá. N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n fagi lé owó tí wọ́n fẹ́ yọ, èmi sì san ìdajì owó kọ́tà.

Kì í ṣe Múṣín nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní September 1999, ọkọ̀ Mars Climate Orbiter tí NASA rán lọ sí ìsálú ọ̀run ṣègbé nígbà tí ó dé ẹ̀bá Mars, nítorí pé apá kan nínú àwọn ètò orí ilẹ̀ ń fi ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ka agbára ìtì, apá kejì sì ń retí ìwọ̀n newton. Kò sí ohun tí ó ké níbẹ̀ náà. Nọ́ńbà ni nọ́ńbà ń jẹ́.

Àtúnṣe tí a ṣe rọrùn. Gbogbo ètò-àṣẹ ní ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà kan náà lórí: G21 G17 G40 G49 G80 G90. Ìlà yìí ní kí ẹ̀rọ ka mìlímítà, kí ó máa ṣe ìrìn yípo lórí ojú tábìlì, kí ó fagi lé fífa kọ́tà sẹ́yìn, kí ó fagi lé ìwọ̀n gígùn kọ́tà tí ó kọjá, kí ó fagi lé ètò lílu ihò, kí ó sì ka ipò láti ojú-ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò gé irin kankan. Àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ asán ni.

5. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́

Àwọn ìwé tí ń bá ẹ̀rọ wá máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iná kì í lọ. Àwa mọ̀ pé ó ń lọ. NEPA di PHCN ní 2005, wọ́n sì pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013, ṣùgbọ́n “NEPA ti mú iná lọ” ni a ṣì ń gbọ́ lẹ́nu ará Ojúẹlẹ́gba. Fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì afọwọ́yí, ohun tí èyí túmọ̀ sí kò ju ìdádúró lọ: tọ́nà yóò fa kọ́tà sẹ́yìn, yóò tan jẹnẹrétọ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Fún CNC ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá.

Nígbà tí iná bá lọ, kọ́tà ń dúró sínú irin, ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀ adúró sì ń pòórá. Bí iná bá dé, ojú ẹ̀rọ ṣì lè fi ètò-àṣẹ hàn, ó sì wu ọmọ-iṣẹ́ láti wá ìlà tí iṣẹ́ ti dúró, kí ó tẹ bọ́tìnì, torí pé oníṣẹ́ ń dúró níta. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. M03 tí ó ní kí orí ẹ̀rọ máa yí wà lórí ìlà òkè. Kò tún un kà, kọ́tà kò sì yí. G43 tí ó sọ gígùn kọ́tà fún ẹ̀rọ wà lórí ìlà òkè. Kò tún un kà, ẹ̀rọ sì rò pé kò sí kọ́tà lẹ́nu òun rárá. Bí ìlà náà bá ní kí a lọ sí Z-1.5, ẹnu orí ẹ̀rọ ni yóò fẹ́ gbé dé ibẹ̀. Gbogbo gígùn kọ́tà, tí kò sì yí, yóò wọ inú irin. Ìlà tí ó tọ́ pérépéré ni ó ṣe èyí. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè dá ìlà kan lẹ́jọ́ láìmọ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí a gbà láti máa ṣe ni pé kí a kọ́kọ́ rọra fi ọwọ́ gbé kọ́tà sókè kúrò nínú irin. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tí ń gbàgbé ilé rẹ̀, kí a dá a padà sí ojú-ilé. Kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tí a ti pààrọ̀ kọ́tà kẹ́yìn. Kọ́tà yóò rin ibi tí ó ti gé tẹ́lẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀gá kò fẹ́ràn èyí ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní à ń jó dísù dànù. Ṣùgbọ́n kí èyí lè ṣeé ṣe, ó di dandan kí ẹni tí ń kọ ètò-àṣẹ tún gbogbo ọ̀rọ̀ pàtàkì sọ níbi tí kọ́tà kọ̀ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀: ìlà G21 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, G54, S àti M03, G43 àti H rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ètò-àṣẹ kíkọ ní ibi tí iná kì í ti í lọ lè pe èyí ní àwítúnwí.

Nǹkan méjì mìíràn ń fi ara jọ àṣìṣe ètò-àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun. Ní ọjọ́ kan M08, tí ó ní kí omi ìtutù máa dà, kò mú omi wá, a sì tú gbogbo ètò-àṣẹ wò. Ẹni tí ó so jẹnẹrétọ̀ ni ó pààrọ̀ méjì nínú wáyà iná mẹ́ta. Ọpọlọ ẹ̀rọ àti orí rẹ̀ kò bìkítà fún èyí, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù omi ń yí sẹ́yìn. Èkejì ni bátìrì kékeré tí ń pa ìrántí ẹ̀rọ mọ́ nígbà tí a bá pa á. Bí bátìrì yìí bá kú nígbà tí iná kò sí, gbogbo ìwọ̀n kọ́tà àti ètò inú ẹ̀rọ lè lọ. Bí ojú ẹ̀rọ bá ti ń kìlọ̀ nípa bátìrì, orí iná ni a ti gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ kí a tó ṣe é.

6. Bí a ti ń kà á nísinsìnyí

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ́tà tí ó ṣẹ́, èmi àti ọmọ-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ètò-àṣẹ papọ̀ kí a tó gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Ó ń ka ìlà sókè, èmi ń kọ sórí bébà ohun tí ẹ̀rọ yóò rántí lẹ́yìn ìlà náà: mìlímítà tàbí íǹṣì, G90 tàbí G91, kọ́tà wo ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣé ó ń yí, níbo ni Z wà. Bí àyè kan lórí bébà bá ṣófo, tí a kò mọ ohun tí a ó kọ síbẹ̀, a mọ̀ pé ẹ̀rọ náà yóò fi ohun tí ó bá bá nílẹ̀ dí i. Ní ọjọ́ kẹta, a pààrọ̀ ipò: èmi ń kà, òun ń kọ. Ó rí G91 kan tí mo gbàgbé sí ìparí ètò-àṣẹ kékeré tí ń lu ihò, èyí tí ì bá mú kí ihò kejì bọ́ sórí fáìsì. N kò rí i rárá.

Lẹ́yìn ìwé kíkà ni ti ẹ̀rọ. A ń gbé ojú-ìbẹ̀rẹ̀ Z sókè ní mìlímítà 50, kí gbogbo ètò-àṣẹ lè rìn nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. A ń jẹ́ kí ó rin ìlà kọ̀ọ̀kan kí ó dúró, a sì ń dín ìyára rẹ̀ kù dé ibi tí ó kéré jù. Nígbà tí kọ́tà bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ tí ó dúró, ọmọ-iṣẹ́ náà ń fi rúlà wọn àyè tí ó wà láàrin ẹnu kọ́tà àti irin. Bí a bá kọ Z2., tí a sì gbé e sókè ní 50, ohun tí rúlà gbọ́dọ̀ sọ ni 52. Bí rúlà bá sọ ohun mìíràn, a kò ní tẹ̀ síwájú títí a ó fi mọ ìdí rẹ̀, oníṣẹ́ ì báà dúró níta tàbí kí ó máa lọ.

Ìwé àjákọ kan wà tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ báyìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ fi ń kìlọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-iṣẹ́ sì lè ka lẹ́tà rẹ̀ láìmọ ohun tí ó ń wí. Nítorí náà ojú-ìwé kan wà fún nọ́ńbà ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, ọjọ́ tí ó yọ, àti ohun tí ó fà á. Ojú-ìwé 041 ni ó kún jù. Ti 011 ní ìlà kan péré. Ìkọ̀wé ọmọ-iṣẹ́ náà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ṣì ń dà wá láàmú, mo sì fẹ́ kí ìpàdé yìí bá wa dá sí i. Mo ti lo “ọ̀rọ̀ adúró” nínú bébà yìí. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ ń pè é ní “ọ̀rọ̀ tí kì í lọ”, bóyá tiwọn ni ó sàn jù. Fún ohun tí G41 ń ṣe, “fífa kọ́tà sẹ́yìn” ni a ń wí, ṣùgbọ́n ó ń ṣi àwọn kan lọ́nà, torí ẹ̀gbẹ́ ni kọ́tà ń sún sí, kì í ṣe ẹ̀yìn. Fún ìlà tí ẹ̀rọ ń kà sílẹ̀ kí kọ́tà tó dé ibẹ̀, a kò tíì ní orúkọ kankan.